Ta Ni Yóò San Owó Ogbó Wa?

Ìtàn tí a fẹ́ kà lónìí kì í ṣe ìtàn ọba tàbí ìtàn ogun nìkan. Ìtàn owó ni. Kì í ṣe owó tí a ń ná lójoojúmọ́ ni a ń wí. Èyí tí a ń yọ sọ́tọ̀ de ọjọ́ tí apá kò ní lè gbé ọkọ́ mọ́, tí ẹsẹ̀ kò sì ní lè rìn dé ọjà mọ́, ni a ń wí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí a parí ìwé kíkà, mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi léèrè pé: «Ta ni nínú yín tí ó ti ń fi nǹkan pamọ́ de ìgbà ogbó?» Ọ̀pọ̀ nínú wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ẹni ọdún 25, sọ pé: «Èmi ṣì kéré. Bí mo bá di ẹni 50 ọdún, n ó bẹ̀rẹ̀.» Ìyá kan sọ pé: «Ọmọ mẹ́fà ni mo bí. Àwọn ni báǹkì mi.» Baba kan wà ní ẹ̀yìn tí ó ti lé ní 60 ọdún. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì sọ nǹkan kan. Ó kàn ń wo ìwé tí ó wà níwájú rẹ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ baba yẹn ni ó mú mi kọ ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn tí ó ṣáájú wa ṣe ń múra de ogbó, kí a wo ohun tí ó gbà wọ́n là àti ohun tí ó já wọn kulẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó mú bírò, a ó ṣe ìṣirò tiwa.

1. Ohun tí ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan ń kó jọ láyé àtijọ́

Láyé àtijọ́, kò sí ẹni tí ó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kan pàtó. Kò sí ẹni tí yóò kọ ìwé sí àgbẹ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ parí. Agbára ń dín kù díẹ̀díẹ̀, oko náà ń súnmọ́ ilé díẹ̀díẹ̀, títí baba yóò fi jókòó sábẹ́ igi. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé àwọn baba wa kò ronú sí i. Ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó ń kó jọ.

Ọ̀dọ́ kò ní owó, agbára ni ó ní. Agbára náà ni ó ń fi pamọ́, nínú àáró. Ọ̀dọ́ mẹ́wàá yóò kó ara wọn jọ. Lónìí wọn yóò ro oko ẹnì kíní, ní ọjọ́ mìíràn wọn yóò ro ti ẹnì kejì, títí yóò fi kan gbogbo wọn. Agbára tí o lò ní oko ẹgbẹ́ rẹ kò ṣègbé, yóò padà wá sí oko rẹ ní ọjọ́ tí ó bá kàn ọ́.

Ọkùnrin tí ó ti gbéyàwó ń fi igi pamọ́. Ó ń gbin ọ̀pẹ, ó ń gbin obì, ó ń gbin ọsàn. Ọ̀pẹ tí ènìyàn gbìn nígbà tí ó wà ní ọdún 30 lè máa so síbẹ̀ nígbà tí ó bá dàgbà. Kò ní lè gùn ún mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gùn ún yóò bá a pín epo rẹ̀.

Àwọn ìyá wa ní tiwọn. Wọ́n ń sin ewúrẹ́, wọ́n ń ra iyùn, wọ́n ń ká aṣọ sínú àpótí. Bí àìsàn bá dé, wọn a ta ọ̀kan nínú rẹ̀. Owó ẹyọ tí ó bá ṣẹ́kù lórí ọjà, wọn a dà á sínú ìkòkò, wọn a sì rì í mọ́lẹ̀ nínú yàrá.

Èyí tí ó ga ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ọmọ. Àwọn àgbà ní, bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe yìí dára, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi í sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i. A ó béèrè pé: bí ọmọ òkété bá ń fún ìyá rẹ̀ lọ́mú, kí ni ọmọ tí òun náà bí yóò mu?

2. Owó ẹyọ àti èsúsú

Owó tí àwọn baba ńlá wa ná kì í ṣe bébà. Ẹyọ ni. Láti inú òkun ni wọ́n ti ń kó o, ní àwọn erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Maldives, tí ó jìnnà gan-an sí ilẹ̀ wa. Ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó ni ó ń kó o wá sí Wídà àti Àjàṣẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé pé àìmọye ènìyàn ilẹ̀ wa ni wọ́n fi ẹyọ yìí rà, tí wọ́n sì kó lẹ́rú lọ.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Wọ́n ń sín ẹyọ 40 pọ̀ sí okùn kan. Okùn 50 jẹ́ ẹyọ 2.000, òun ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ẹyọ 20.000, òun ni ọ̀kẹ́ kan. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ẹrù gidi lórí ènìyàn. Ẹ ò rí i pé owó púpọ̀ kò ṣeé fi sápò nígbà náà.

Bí owó ti wúwo tó yìí, báwo ni obìnrin tí ó ń ta ẹ̀kọ ṣe lè kó ẹgbàá kan jọ lẹ́ẹ̀kan? Èsúsú ni. Ẹ jẹ́ kí a mú obìnrin mẹ́wàá. Ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò mú igba ẹyọ wá. Igba lọ́nà mẹ́wàá, ẹgbàá ni. Ẹnì kan yóò kó gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀lé e, ẹlòmíràn yóò kó o, títí yóò fi yí gbogbo wọn ká. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá ní 1897, ṣàlàyé èsúsú nínú ìwé náà. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun pàápàá mú un lọ. Ní erékùṣù Trinidad, wọ́n ń ṣe é títí di òní, «susu» ni wọ́n ń pè é.

Èsúsú yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ń pè ní tọ́ńtìn lónìí. Ó dára púpọ̀. Ó ń ra ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń kan páànù, ó ń sin òkú. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: nígbà tí ó bá yí ká tán, ó ti parí. Ohun tí o kó ni ohun tí o dá. Èsúsú ń kó owó jọ fún wa, kì í bá wa tọ́jú rẹ̀ de ogbó. Ẹni tí ó ti dá èsúsú fún 30 ọdún lè má ní nǹkan kan lọ́wọ́, bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tí ó ń kó ni ó ń ná.

3. Ìwọ̀fà: nígbà tí ọmọ di owó

Kí ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ láyé àtijọ́ sí ẹni tí kò fi nǹkan pamọ́, tí àìsàn tàbí òkú bá dé bá a lójijì? Yóò lọ bá olówó, yóò yá ẹyọ. Bí kò bá ní ohun tí yóò fi dúró, yóò fi ọmọ rẹ̀ dúró. Ìwọ̀fà nìyẹn. Ọmọ náà yóò máa ṣiṣẹ́ lóko olówó. Iṣẹ́ rẹ̀ kò dín gbèsè náà kù rárá, nítorí iṣẹ́ náà ni èlé. Títí bàbá yóò fi rí odidi owó san, ọmọ náà wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn lo ọdún púpọ̀, àwọn mìíràn di géńdé níbẹ̀.

Ẹ má ṣe bínú sí àwọn baba wọ̀nyẹn. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ wọn bí àwa náà ti fẹ́ràn tiwa. Ṣùgbọ́n ohun tí ìtàn ìwọ̀fà ń kọ́ wa ni pé, ogbó tí a kò múra dè kì í lọ láìgba owó rẹ̀. Bí kò bá gba owó lọ́wọ́ bàbá, yóò gbà á lọ́wọ́ ọmọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé.

4. Nígbà tí owó fúnra rẹ̀ kú

Ẹnì kan lè sọ pé: «Èmi ti rì ìkòkò mi mọ́lẹ̀, ọkàn mi balẹ̀.» Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìkòkò náà.

Láti nǹkan bí 1845, àwọn oníṣòwò òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹyọ mìíràn wá láti Zanzibar, tí ó wà ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì wọ́n wọn. Wọ́n ń kó o wá ní ọkọ̀ ọkọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta tòmátì mọ̀ ọ́n: bí tòmátì bá pọ̀ jù lọ́jà, ẹ ó sọ iye rẹ̀ kalẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ẹyọ ṣe. Ọdọọdún ni ẹyọ tí ó ń ra ewúrẹ́ kan ń pọ̀ sí i.

Ogun sì tún wà. Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhómì wọ Kétu. Wọ́n wó ìlú náà, wọ́n sì kó àwọn ará ìlú lẹ́rú lọ sí Abọ́mẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ti ṣẹ́gun ọba Béhanzin, ní nǹkan bí 1894, àwọn ará Kétu padà wá tún ìlú wọn kọ́. Ẹ rò ó wò: kí ni ẹni tí ó ń bọ̀ láti oko ẹrú lè bá nílé? Kò lè bá ilé, kò lè bá ewúrẹ́. Ilẹ̀ ni yóò bá, àti igi tí iná kò jó. Ohun tí ó mú bọ̀ ni ènìyàn tí ó ṣẹ́kù, àti iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Lẹ́yìn náà ni àwọn Faransé gbé owó-orí kalẹ̀, wọ́n sì mú fráǹkì wá. Díẹ̀díẹ̀, ẹyọ kúrò lọ́jà. Ẹni tí ó fi ọ̀kẹ́ mẹ́wàá pamọ́ de ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ hú u jáde, ó bá a pé ó pé, ọ̀kan kò dín. Ṣùgbọ́n ohun tí ó lè rà kò tó nǹkan mọ́. Olè kò jí i, iná kò jó o. Owó náà ni ó kú sínú ìkòkò. Lónìí, a ń rí ẹyọ lára ọ̀pẹ̀lẹ̀ babaláwo àti lára aṣọ eégún, a kì í rí i lọ́wọ́ ìyá ọlọ́jà.

5. Owó ìfẹ̀yìntì: ta ni ó dá a sílẹ̀?

Ní ilẹ̀ Jámánì, ní 1889, ìjọba ṣe òfin tuntun kan. Òfin náà sọ pé òṣìṣẹ́ yóò máa dá owó díẹ̀ nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ yóò dá iye kan náà, ìjọba yóò sì fi díẹ̀ lé e. Bí òṣìṣẹ́ náà bá pé ọdún 70, wọn yóò máa fún un ní owó títí yóò fi kú. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kì í dàgbà tó 70 ọdún nígbà náà. Ní 1916, wọ́n sọ ọ́ di ọdún 65. Láti ibẹ̀ ni irú ètò yìí ti tàn ká ayé.

Nígbà tí ó dé ilẹ̀ wa lábẹ́ àwọn Faransé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó kọ́kọ́ kàn. Lẹ́yìn náà, ó kan àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ọ̀gá wọn kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ní Benin, CNSS ni ó ń bójú tó tiwọn. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2003 fi ìṣirò yìí lélẹ̀: nínú 100 fráǹkì owó oṣù, òṣìṣẹ́ yóò san 3,6, ọ̀gá rẹ̀ yóò san 6,4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10. Ẹni tí ó bá san án fún oṣù 180, èyí tí í ṣe ọdún 15, tí ó sì pé ọdún 60, yóò máa gba owó ìfẹ̀yìntì.

Ẹ jẹ́ kí a fi owó oṣù tí ó kéré jù ṣe àpẹẹrẹ. Ní 2023, ìjọba Benin gbé e láti 40.000 dé 52.000 fráǹkì. Òṣìṣẹ́ tí ó ń gba 52.000 yóò san 1.872 lóṣù, ọ̀gá rẹ̀ yóò san 3.328. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 5.200. Bí ẹ bá ní ọmọ tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, ẹ bi í léèrè pé: «Ǹjẹ́ ọ̀gá rẹ ti kọ orúkọ rẹ sí CNSS?» Ìbéèrè kékeré ni, ṣùgbọ́n ogbó odidi ènìyàn ni ó wà nínú rẹ̀.

Àwa tí ó kù ńkọ́? Àgbẹ̀, ìyá ọlọ́jà, aránṣọ, ọlọ́kadà, àwa tí ń kọ́ àgbà ní ìwé? Kò sí ọ̀gá tí yóò san 6,4 fún wa. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìjọba Benin ti gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ARCH. Apá mẹ́rin ni ó ní, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ìfẹ̀yìntì fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, oníṣòwò àti àgbẹ̀. Ẹ lọ béèrè ní mérì yín. Ṣùgbọ́n kí a tó lọ béèrè, kí a tó dé, ọjọ́ orí kò dúró dè wá.

6. Ìgbà mẹ́ta tí owó já wa kulẹ̀

Ìgbà kíní: ní 1988 àti 1989, àwọn báǹkì ìjọba Benin mẹ́ta wó lulẹ̀. BCB, BBD àti CNCA ni orúkọ wọn. Ẹni tí ó fi owó síbẹ̀ kò lè rí i gbà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lo ọ̀pọ̀ oṣù láìgba owó. Wàhálà yìí wà lára ohun tí ó fa ìpàdé ńlá gbogbo ìlú ní Kútọnu, ní oṣù kejì ọdún 1990. Síbẹ̀, ẹ kíyè sí ohun kan: àwọn kẹ́sì kéékèèké ní abúlé, tí a ń pè ní CLCAM, kò parẹ́. Àwọn tí ó ní wọn tún wọn ṣe, wọ́n sì dá FECECAM sílẹ̀ ní 1993.

Ìgbà kejì: oṣù kìíní ọdún 1994. Kí ọjọ́ náà tó dé, 50 fráǹkì séfà ni a fi ń gba fráǹkì Faransé kan. Láti ọjọ́ 12 oṣù náà, ó di 100. Ohun gbogbo tí ó ń ti òkèèrè wá gbówó lórí: oògùn, ìrẹsì, aṣọ, páànù. Bákan náà ni ó rí ní Tógò.

Mo ní láti sọ ti ilé wa fún yín. Ìyá tí ó bí ìyá mi ń ta epo pupa. Ó ti lé ní 60 ọdún nígbà náà, ẹsẹ̀ sì ń dùn ún. Ó ní àpótí onírin kan, inú rẹ̀ ni ó ń fi owó sí láti ìgbà tí a kò tíì bí mi. Ó fẹ́ fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ra páànù mẹ́wàá sórí yàrá rẹ̀, kí ó máa fi ìyókù jẹun, kí ó sì ra oògùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ ra páànù ní 1994, owó tí ó kà fún mẹ́wàá ra mẹ́fà. Oògùn ẹsẹ̀ náà sì jẹ ìyókù kí ọdún náà tó parí. Ìyá àgbà kò sunkún. Ó kàn ń ka owó náà lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, bí ẹni pé òun ni ó ṣì í kà.

Láti ọdún náà, ìyá mi ni ó ń bọ́ ọ. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọdún náà gan-an ni mo gba ìwé sẹ́tífíkà mi. Mo jẹ́ ọmọ ọdún 14. Owó tí ìyá mi ìbá fi rán mi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ó ń lọ sí oògùn àti oúnjẹ ìyá àgbà. Ìwé mi dúró síbẹ̀. N kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ ti rí ìdáhùn ìbéèrè tí mo bi yín nípa òkété. Ìyá mu ọmú ọmọ rẹ̀, èmi ọmọ-ọmọ ni wàrà náà kò tó mọ́ lọ́wọ́.

Mo bi ara mi léèrè lẹ́yìn náà pé, kí ni ìyá àgbà ìbá ti ṣe? Ó fi owó pamọ́, kò ná ìnákúnàá. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ jẹ́ bébà nínú àpótí kan. Ní ọdún kan náà, aládùúgbò wa tí ó ní ewúrẹ́ mẹ́jọ tà wọ́n ní owó tí ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ kò mọ̀ pé fráǹkì ti já. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ìgbà kẹta: ní 2010. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, wọ́n ń ṣèlérí èlé ńlá, irú èyí tí báǹkì kankan kò lè san. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ICC-Services. Owó àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n fi ń san èlé àwọn tí ó ti wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn tí ń bọ̀ dín kù, gbogbo rẹ̀ wó. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó pàdánù, àwọn mìíràn ti ta ilẹ̀ láti fi owó síbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti dàgbà. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ nígbà èwe, wọ́n wá ń wá ọ̀nà tí yóò yá. Ohun tí ó ń yá jù ni ó sì ń wó jù.

7. Ẹ mú bírò: ìṣirò ọjọ́ orí

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dáhùn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ní òun yóò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òun bá di ẹni 50 ọdún.

Bí ó bá ń fi 100 fráǹkì pamọ́ lójoojúmọ́ láti ọdún 25, ní ọdún kan yóò ní 36.500. Bí ó bá pé ọdún 60, ó ti fi í pamọ́ fún ọdún 35. Yóò ní 1.277.500 fráǹkì.

Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ ní iye kan náà ní ọdún 60, iye tí yóò máa yọ sọ́tọ̀ lójúmọ́ nìyí:

Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 25: 100 fráǹkì.
Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 40: 175 fráǹkì.
Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 50: 350 fráǹkì.
Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 55: 700 fráǹkì.

Ẹ tún un kà. Owó kan náà ni, ogbó kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni 55 ọdún yóò gbé ẹrù ìlọ́po méje ti ẹni 25 ọdún, ní àkókò tí ọrùn rẹ̀ kò lágbára bíi tirẹ̀. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ṣé owó náà yóò tó? Bí ènìyàn bá ń ná 500 fráǹkì lójúmọ́, 1.277.500 yóò gbé e fún ọdún méje péré. Bí ọjà bá gbówó lórí, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni owó nìkan kò fi tó, ìtàn ẹyọ àti ti 1994 sì ti fi hàn wá. Kí ẹni 25 ọdún fi owó pamọ́, kí ó sì gbin igi. Kí ẹni 40 ọdún ní ẹran ọ̀sìn àti ìwé ilẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Kí ẹni 50 ọdún san gbèsè rẹ̀ tán, kí ó má bàa di ogún fún ọmọ rẹ̀.

Ní ti ibi tí a ó fi owó sí: alájọ súnmọ́ wa, ó ń wá bá wa nídìí àtẹ. Ní ìparí oṣù, yóò mú owó ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n èmi náà ti pàdánù owó oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ alájọ kan tí ó sá lọ. Láti ìgbà náà, n kì í jẹ́ kí owó mi pẹ́ lọ́wọ́ alájọ ju oṣù kan lọ. Bí ó bá ti fún mi, mo ń gbé e lọ sí kẹ́sì, mo sì ń ka ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé mi kí n tó kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ti lè kà á báyìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín kà á.

8. Ọ̀rọ̀ ìparí

Ìyá tí ó ní ọmọ mẹ́fà ni báǹkì òun kò purọ́. Ọmọ ni aṣọ wa. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́fà náà yóò bí ọmọ tiwọn. Ohun tí a bá fi pamọ́ fún ogbó wa, àwọn ọmọ-ọmọ wa ni a fi í sílẹ̀ fún, kí wọ́n lè dúró ní ilé ẹ̀kọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, baba tí ó dákẹ́ ní ẹ̀yìn bi mí léèrè pé: «Olùkọ́, tèmi ńkọ́? Ṣé kò ti pẹ́ jù?» Mo ní: «Baba, n kò lè ní kí ẹ máa fi 700 fráǹkì pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ní ọ̀pẹ, ẹ ní ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ iye ọ̀pẹ yín àti ààlà ilẹ̀ yín sílẹ̀, kí ẹ pe àwọn ẹlẹ́rìí, kí ẹnikẹ́ni má lè gbà á lọ́wọ́ yín.» Alẹ́ ọjọ́ náà ni a bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́. Ó gbà wá ní alẹ́ mẹ́ta.

Èmi tí mò ń kọ èyí jẹ́ ẹni ọdún 46. Kò sí ọ̀gá tí ó ń dá owó ìfẹ̀yìntì fún mi. Ó ku ọdún 14 kí n pé 60, nítorí náà 250 fráǹkì ni tèmi lójúmọ́. Ní ọjọ́ mìíràn n kì í rí i. Bí n kò bá rí i, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí gbèsè, mo sì ń san án nígbà tí mo bá tà nínú àgbàdo mi.

Tìrẹ ńkọ́, ìwọ tí ó ń ka ìwé yìí? Mú bírò. Kọ ọjọ́ orí rẹ. Yọ ọ́ kúrò nínú 60 láti mọ iye ọdún tí ó kù. Fi iye ọdún náà pín 3.500. Ohun tí ó bá jáde ni iye fráǹkì tí ó kàn ọ́ lójúmọ́. Bí o bá rí i pé ó pọ̀ jù, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì rẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀la. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.